Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe lè lọ wo Songhai ní Àjàṣẹ́, kí ó sì padà wá dá iná gáàsì àti ọgbà tirẹ̀ sílẹ̀

Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń gba owó lọ́wọ́ òbí fún ìrìn-àjò ìgbafẹ́. Bọ́ọ̀sì á gbé àwọn ọmọ lọ sí etíkun tàbí ibi ìtura kan, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi ike àti ọ̀rá sílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ láti gbá. Ó ń dùn mí, torí pé owó kan náà lè ran àwọn tó gbà wá lálejò lọ́wọ́, kí ó sì tún gbé iná wọ ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ó gbé ẹ̀fọ́ wọ inú abọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà ṣe é ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tó wà ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti agbègbè wọn.

Ibi tí mo ní kí ẹ lọ ni Songhai, ní Àjàṣẹ́, olú ìlú orílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Fada Godfrey Nzamujo, àlùfáà Kátólíìkì tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1985 lórí ilẹ̀ héktà kan ṣoṣo ní Ouando, ilẹ̀ tó ti ṣá, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fi dáko mọ́. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, Songhai sì ní ẹ̀ka ní Savalou, Parakou àti Kinwédji. Ohun tí a fẹ́ lọ wò ni bí wọ́n ṣe ń lo ìdọ̀tí. Ìgbẹ́ ẹran wọn ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Wọ́n ń fi ìdọ̀tí sin ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ lójú ọ̀sà, irú èyí tí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ àti Badagry mọ̀ dáadáa, wọ́n ń kó òun náà sínú táńkì gáàsì. Ibẹ̀ ní yàrá fún àlejò, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà owó tí ẹ bá ná ń padà sínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan àwọn tó máa lọ

Ẹ má kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ kọ́kọ́ rán àgbàlagbà márùn-ún: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ òbí, púlọ́ńbà àdúgbò yín, àti ìyá aláṣè tó ń dáná fún àwọn ọmọ. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ àwọn ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn jù. Púlọ́ńbà ló máa so páìpù táńkì gáàsì tí ẹ máa kọ́. Ìyá aláṣè ló máa dúró níwájú iná náà láràárọ̀, bí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀ sí i, igi ni yóò padà sí, táńkì yín á di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fojú rí iná tó ń jó lábẹ́ ìkòkò ẹlòmíràn, kí ó bi àwọn aláṣè ibẹ̀ ní ohun tó ń kọ ọ́ lóminú.

Nígbà tí táńkì àti ọgbà tiyín bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ lè wá lọ. Nígbà yẹn, wọ́n á ní ìbéèrè gidi lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé àti ọ̀nà

Ẹ kàn sí Songhai ṣáájú, ẹ sọ iye yín, ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, èdè tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mú yín yíká, àti pé ilé gáàsì ni ẹ fẹ́ wò jù. Bí ẹ bá kàn yọ sí wọn, ohun tí wọ́n ń fi han gbogbo àlejò ni ẹ máa rí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ará Èkó á gba Badagry dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ará Ògùn lè gba Ìdírókò wọ Igolo, kí wọ́n sì bọ́ sí Àjàṣẹ́ láti òkè. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà àti ní ẹ̀gbẹ́ Benin. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó ọmọ lọ, ìwé ìfọwọ́sí òbí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, pẹ̀lú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ tó ní òǹtẹ̀, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè ń ṣọ́ra fún àwọn tó ń jí ọmọ kó, ó sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ra.

Ẹ ṣẹ́ owó sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, kí ẹ tó wọ ìlú, kí ẹ lè sanwó fún oníṣòwò kéékèèké láìdààmú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ẹ máa dì sínú ẹrù

Ẹ má gbé ọ̀rá wọ Benin. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017 ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀: èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe é, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ lo àpò aṣọ tàbí agbọ̀n. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgò omi tó ṣeé rọ omi sí léraléra, kí ẹ sì di oúnjẹ ojú ọ̀nà sínú abọ́ onídèérí tàbí ewé. Ìwé àti bírò, okùn ìwọ̀n, àti fóònù tó lè ya àwòrán páìpù dáadáa kò gbọdọ̀ ṣẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwà àlejò

Ẹ sun ibẹ̀ ó kéré tán alẹ́ kan. Ẹni tó dé ní aago mọ́kànlá, tó kúrò ní aago méjì, kò ní rí bí wọ́n ṣe ń bọ́ táńkì láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ kò ní kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ jẹun nílé oúnjẹ wọn, ẹ ra ohun tí wọ́n ṣe, ẹ san owó ẹni tó mú yín yíká láìná an bí ẹni ń na ata lọ́jà. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ wọ ìgboro. Èdè Gun àti Faransé pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá á gbé yín débi púpọ̀, torí pé ọmọ Yorùbá ti wà ní Àjàṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ẹ lọ wo mọ́sálásí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Brasil padà wá kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia, ní Brasil, hàn lójú rẹ̀ kedere. Ẹ wo ààfin ọba Toffa tó ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ọjọ́ ọjà Adjarra bá bọ́ sí i, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ìlù, kí ẹ ra ìlù fún ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá pàdé egúngún tàbí Zangbeto, ẹ ti fóònù bọ àpò títí onílé á fi gbà yín láyè. Ẹ má ṣe máa pín owó tàbí súìtì fún ọmọdé lójú títì. Ó ń kọ́ wọn láti máa sá tẹ̀lé àlejò lákòókò tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì.

Nínú Songhai, àwọn ìbéèrè tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti bi wọ́n nìyí: Kí ni wọ́n ń fún táńkì jẹ lóòjọ́, báwo ló sì ti pọ̀ tó? Nígbà tí gáàsì dín kù, kí ni wọ́n ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ òórùn ẹyin tó bàjẹ́ kúrò nínú gáàsì? Ibo ni omi tó ń jáde ń lọ? Kí púlọ́ńbà yín wọn páìpù ìwọlé àti ìjáde, kí ó yà á sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ́ táńkì tiyín

Táńkì gáàsì dà bí ikùn màlúù. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó ń gbé níbi tí atẹ́gùn kì í dé, ló ń jẹ oúnjẹ inú rẹ̀, gáàsì tó ń jó sì ni wọ́n ń tú jáde. Ojú ọjọ́ wa tẹ́ wọn lọ́rùn gidigidi, a kò nílò láti gbé ohunkóhun kaná fún wọn bí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ṣe ń ṣe.

Fún ilé ẹ̀kọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wá táńkì ike onígun mẹ́rin tó wà nínú àgò irin, tó ń gba líta 1000. Wọ́n ń tà á ní àlòkù. Ẹ béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí: bó bá jẹ́ májèlé tàbí kẹ́míkà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nínú oòrùn, kí ó jìnnà sí kíláàsì tó mítà mẹ́wàá, kí ó má sì jìnnà púpọ̀ sí ilé ìdáná.

Páìpù mẹ́ta ló kàn. Páìpù ìwọlé, oní-ínṣì mẹ́ta, á ti òkè wọlé, á sì dé nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí ìsàlẹ̀ táńkì, kí ẹnu rẹ̀ lókè ga ju orí táńkì lọ. Páìpù ìjáde á ti àárín omi inú táńkì gba òdìkejì jáde, ẹnu rẹ̀ níta á sì wà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga táńkì. Ibẹ̀ ni omi inú rẹ̀ á máa dúró sí, òkè rẹ̀ á sì jẹ́ àyè gáàsì. Ẹnu páìpù méjèèjì tó wà nínú gbọ́dọ̀ máa rì sínú omi nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gáàsì á gba ibẹ̀ sá lọ. Páìpù kẹta kéré, ó wà lórí pátápátá, ó ní kọ́ọ̀kì, òun ni gáàsì ń gbà jáde.

Láti orí kọ́ọ̀kì, họ́ọ̀sì á gba inú ìgò kan tó kún fún sípọ́ńjì onírin tó ti dípẹtà. Ìpẹtà yẹn ló ń gba òórùn ẹyin tó bàjẹ́, èyí tó ń jẹ irin sítóòfù, tó sì léwu fún ẹni tó bá fà á símú púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya ẹ̀ka họ́ọ̀sì kan sọ́tọ̀, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò omi, kí ó rì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, á gba inú omi yẹn hó jáde dípò kí ó ya táńkì. Ẹ jẹ́ kí ìgò yìí wà níta gbangba, kí ẹ sì máa bu omi kún un. Níkẹyìn, họ́ọ̀sì á dé inú túùbù taya katakata méjì, ibẹ̀ ni gáàsì á máa kó jọ sí. Bí ẹ bá ń dáná, ẹ gbé pákó lé túùbù lórí kí gáàsì lè ní agbára. Ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, torí pé ooru omi máa ń di ẹ̀kán nínú rẹ̀, tí yóò sì dí ọ̀nà bí ibì kan bá rọ̀ wálẹ̀ láàárín.

Ẹ fi ìfófò ọṣẹ pa gbogbo oríkèé wò. Ibi tó bá ń yọ ìfófò, gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná láti fi wo ibi tó ń jò láé.

Ìkún àkọ́kọ́ ni ìgbẹ́ màlúù tútù, ẹ lè rí i gbà lọ́dọ̀ àwọn alápatà. Búkẹ́ẹ̀tì ìgbẹ́ kan, búkẹ́ẹ̀tì omi kan, ẹ pò ó, ẹ ṣa òkúta àti koríko líle kúrò, ẹ dà á sínú. Bí búkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti líta 20, méjìdínlógún ìgbẹ́ àti méjìdínlógún omi á tó. Omi kànga tàbí omi òjò ló dára. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kòlórín sí, ẹ jẹ́ kí ó sun níta fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ẹ wá ní sùúrù. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Gáàsì àkọ́kọ́ tó bá kún túùbù, ẹ tú u dànù sí gbangba láìtan iná, torí pé atẹ́gùn ṣì wà nínú rẹ̀, ó lè bú gbàmù. Nígbà tí túùbù bá tún kún, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ lórí sítóòfù. Sítóòfù gáàsì ọjà kò ní bá a mu bẹ́ẹ̀, torí pé gáàsì yìí kò le tó ti inú sílíńdà: kí wẹ́dà fẹ ihò tí gáàsì ń gbà yọ nídìí sítóòfù díẹ̀díẹ̀ títí iná á fi jó láwọ̀ búlúù.

Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ ojoojúmọ́ ló kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlógíráàmù kan tàbí méjì lóòjọ́, ẹ máa fi kún un ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí dé márùn-ún: ìyókù oúnjẹ, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, gbogbo rẹ̀ ní gígé wẹ́wẹ́ tàbí lílọ̀, pẹ̀lú omi tó pọ̀ tó o. Kìlógíráàmù márùn-ún lè fún yín ní iná wákàtí kan sí méjì lórí ojú sítóòfù kan. Kò lè gba gbogbo oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n ó tó fún ọbẹ̀, ó tó fún ẹ̀kọ tàbí tíì àwọn olùkọ́, ìyá aláṣè á sì bọ́ lọ́wọ́ èéfín fún ìwọ̀n àkókò yẹn.

Àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀: omi ọṣẹ, Izal, epo púpọ̀, egungun, iyanrìn, àti èèpo ọsàn púpọ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ pọ̀, torí pé ó kan. Bí omi tó ń jáde bá ń rùn kíkan, tí gáàsì sì ń dín kù, oúnjẹ ti pọ̀ jù fún un. Ẹ dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fún un ní ìgbẹ́ màlúù tútù díẹ̀ tí ẹ pò mọ́ omi, ẹ máa wò ó.

Ọmọdé lè gé èèpo, lè wọn ọ́n, lè kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ọmọdé kì í ṣí kọ́ọ̀kì, kì í ṣáná sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọgbà

Iye oúnjẹ tí ẹ bá dà sínú táńkì láàárọ̀, iye omi dúdú bẹ́ẹ̀ ló máa ti òdìkejì jáde. Ajílẹ̀ ni. Ẹ gbà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí ó jókòó tó oṣù kan, kí ẹ tó bu búkẹ́ẹ̀tì kan pò mọ́ omi búkẹ́ẹ̀tì méjì. Ìdí ewéko ni kí ẹ bù ú sí, kò gbọdọ̀ kan ewé, ẹ sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìkórè. Ewébẹ̀ tí ẹ máa jẹ ní tútù, ẹ má fi sí i rárá.

Ẹ kọ́kọ́ fi igi ṣe ọgbà yí ilẹ̀ náà ká, kí ẹ tó gbin ohunkóhun, torí ewúrẹ́ àdúgbò kò mọ ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí oko. Ẹ la bẹ́ẹ̀dì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè na ọwọ́ dé àárín láìtẹ ilẹ̀ náà. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti ṣeé já, ọkàn àwọn ọmọ á sì wọ iṣẹ́ náà. Ewédú, ṣọkọ àti ilá tẹ̀lé e. Fún irúgbìn àti ìmọ̀ràn, ilé iṣẹ́ ìwádìí ewébẹ̀ àti èso ti ìjọba àpapọ̀, NIHORT, wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ gbọ́: ẹ má fi ọgbà jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tó pẹ́ dé, tí ẹ rán lọ ro ebè, ẹ ti kọ́ ọ láti kórìíra ilẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ ní kíláàsì kíláàsì, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lórí pátákó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jẹ nínú ohun tí wọ́n gbìn lójú ara wọn, ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀fọ́ bá ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé olùkọ́, àwọn ọmọ á mọ̀.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló ń pa ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹfà, ẹ gbin ànàmọ́ sí gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Á bo ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí koríko gbilẹ̀, òjò á sì máa bomi rin ín títí àwọn ọmọ á fi wọlé láti wá wú u. Ní ti táńkì, ẹ yan ẹnì kan tó ń gbé nítòsí, ẹ san nǹkan fún un, kí ó máa fún un ní oúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó sì máa lo gáàsì náà.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tí àlejò bá wá sọ́dọ̀ yín

Wọ́n á wá. Ilé ẹ̀kọ́ kejì á gbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́, ará ìlú tó ń gbé ní òkè òkun á fẹ́ wá wò ó nígbà tó bá wá sílé. Ẹ ti ṣètò sílẹ̀: ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ fún àlejò, kí ẹ̀kọ́ má baà dúró, owó ìwọlé kékeré tí ẹ kọ sára ògiri, pẹ̀lú rìsíìtì, ọmọ méjì láti kíláàsì àgbà tó máa mú wọn yíká, kí olùkọ́ kan sì wà pẹ̀lú wọn ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá fẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀bùn, kí ó fún ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí ẹgbẹ́ sì ka ìwé owó náà sétí gbogbo òbí ní ìpàdé ìparí táàmù. Ìdá kan nínú owó yẹn, ẹ yà á sọ́tọ̀ láti pààrọ̀ họ́ọ̀sì, túùbù àti sípọ́ńjì onírin nígbà tí wọ́n bá gbó. Ìyókù, ẹ fi pamọ́ fún bọ́ọ̀sì tó máa gbé àwọn ọmọ lọ sí Àjàṣẹ́.